Èsì Àkọ́kọ́ Kì í Parẹ́, Àmọ́ Òun Kọ́ Ló Ń Gbẹ̀yìn

Lónìí, mi ò wá bá ẹni tó gba A ní gbogbo kọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Irú wọn wà láàárín wa, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí wọn. Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni ọmọ tó wọ pólì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó ti ní in lọ́kàn pé tóun bá ṣe tán níbẹ̀, yunifásítì ló kàn, àmọ́ tí èsì ìdánwò àkọ́kọ́ jáde, tí ohun tó rí níbẹ̀ kò dáa. Mo tún ń bá bàbá àti ìyá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ẹ sún mọ́ tòsí. Ọ̀rọ̀ ìṣirò wà nínú ìwàásù òní, ẹ wá bébà àti bírò.

Ẹ jẹ́ ká ṣí Bíbélì wa. Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 13 ẹsẹ 13. Ká tún wo orí 15, láti ẹsẹ 37 dé 39. Ká wá parí rẹ̀ sí 2 Tímótì orí 4 ẹsẹ 11. Kà á fúnra rẹ tó o bá délé. Èmi á kàn sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ ni.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó ń jẹ́ Jòhánù Máàkù. Ó bá Pọ́ọ̀lù àti Bánábà lọ sí ìrìn àjò ìwàásù. Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀ Páńfílíà, ó fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, ó padà sí Jerúsálẹ́mù. Sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ Máàkù nìyẹn, máàkì rẹ̀ kò sì dáa! Ìgbà tí ìrìn àjò kejì dé, Bánábà ní kí àwọn mú un dání, Pọ́ọ̀lù ní rárá o. Kí ni Pọ́ọ̀lù ń wò? Rìsọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ ló ń wò. Àwọn àgbà méjèèjì jà débi pé wọ́n pínyà. Bánábà mú Máàkù, wọ́n gba ọ̀nà Kípírọ́sì lọ. Ọdún gorí ọdún. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù wà lẹ́wọ̀n, tó rí i pé ọjọ́ òun ti ń lọ sópin, ta ló ránṣẹ́ pé kí Tímótì mú wá fóun? Máàkù yìí kan náà. Ó ní ó wúlò fóun.

Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé Ọlọ́run yọ orí 13 kúrò nínú Bíbélì nítorí pé Máàkù ti wá dáa? Kò yọ ọ́. Títí di òní, ẹni tó bá ṣí i á rí i pé ọmọ yìí sá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n kọ ìyókù kún un. Wo ẹni tó jókòó tì ọ́, sọ fún un pé: Orí 13 kì í parẹ́, àmọ́ òun kọ́ ló ń gbẹ̀yìn!

ÈMI NÁÀ NÍ ORÍ 13 TÈMI

Ní 1998 ni mo wọ ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe kan fún OND nínú ìmọ̀ ìṣirò owó. Yunifásítì ni mo fẹ́, àmọ́ JAMB kò fún mi ní máàkì tó tó. Mo ní kò burú, ọdún méjì péré ni OND, tí mo bá parí, Direct Entry á gbé mi wọ kíláàsì ọdún kejì ní yunifásítì. Ọ̀pọ̀ yín ló ń ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí, ìṣirò náà sì dáa. Káfíńtà ni bàbá mi. Kí n lè san owó ilé ìwé, ó ta ẹ̀rọ tó fi ń fá pákó, ó padà sí fífi ọwọ́ fá a.

Mo dé ọ̀hún, kò sí ẹni tó ń jí mi láàárọ̀ mọ́. Ẹ má rò pé ilé ọtí ni mo bá lọ o. Fẹlóṣíìpù ni! Ọjọ́ Ajé, ẹgbẹ́ akọrin. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹgbẹ́ àdúrà. Ọjọ́rú, ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ọjọ́bọ̀, dírámà. Ọjọ́ Ẹtì, ìṣọ́ òru. Ilẹ̀ á mọ́, èmi á sùn, àwọn ẹgbẹ́ mi á wà ní kíláàsì. Nígbà tí wọ́n lẹ rìsọ́ọ̀tì mọ́ pátákó ìkéde, mo wá nọ́ńbà mi, mo rí 1.80 nínú 4.00. Mo lọ bá àwọn ará pé Èṣù ń bá mi jà. Ẹ̀yin èèyàn mi, Èṣù kò sí níbẹ̀ rárá. Èmi ni mi ò sí ní kíláàsì.

Mo délé, bàbá mi bi mí pé, "Báwo ni ìdánwò?" Mo ní, "Bàbá, mo ṣe dáadáa." Ẹnu mi ló sọ ọ́, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Inú bàbá mi dùn. Ó sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀, ó sọ fún ọ̀gá onípákó. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó ní ká jáde lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí rìsọ́ọ̀tì mi. Ìyá mi ró aṣọ tó dáa jù. Wọ́n ń kọrin, a ń jó lọ síwájú pẹpẹ, bàbá mi fi owó sínú agbọ̀n, èmi náà ń jó, 1.80 sì wà nínú àpò mi. Mo ti jó púpọ̀ láyé mi. Ijó yẹn ni mi ò lè gbàgbé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò lè sùn. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo na bébà náà sí i. Bàbá mi kò ka ìwé púpọ̀, àmọ́ ẹni tó ń wọn pákó mọ ohun tí nọ́ńbà ń sọ. Ó ní, "Nínú mélòó?" Mo ní, "Nínú mẹ́rin." Ó dákẹ́. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó wá ní, "Pákó tí a bá ti gé kúrú, kò sí ohun tí a lè ṣe tó máa gùn sí i. Mélòó ló kù tí o kò tíì gé?" Mo ní, "Sẹ̀mẹ́sítà mẹ́ta." Ó ní, "Ó dáa. Irọ́ tí o pa fún mi ló dùn mí jù. Lọ wọn mẹ́ta tó kù dáadáa kí o tó gbé ayùn."

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, bàbá mi ti sọ ọ́ tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo kàn fẹ́ tú u palẹ̀ fún ọ ni.

KÓKÓ KÌN-ÍN-NÍ: MỌ BÍ ÈSÌ ÀKỌ́KỌ́ ṢE Ń WÚWO

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń sọ pé, "Sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ nìyí, màá tún un ṣe tó bá yá." Ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi léwu ni pé a kì í ka sẹ̀mẹ́sítà tó kẹ́yìn nìkan. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó pọ̀ tí wọ́n ń pín. Ohun tí CGPA túmọ̀ sí nìyẹn. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní iye unit tirẹ̀. Wọ́n á fi póìntì tí o gbà lu unit, wọ́n á ro ó pọ̀, wọ́n á fi gbogbo unit pín in.

Gbé bírò rẹ. Ká ní o ní unit 20 ní sẹ̀mẹ́sítà kan. O ṣe dáadáa nínú unit 17, o gba 3.00 níbẹ̀. Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó jẹ́ unit 3 lo gba F. 17 lọ́nà 3.00 jẹ́ 51. F kò fi nǹkan kan kún un, òdo ni. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pín in, ṣé 17 ni wọ́n máa fi pín in? Rárá. 20 ni. 51 tí a fi 20 pín jẹ́ 2.55. Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló fà ọ́ bọ́ láti 3.00 sí 2.55! Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ní pólì ilẹ̀ wa, 3.50 sókè ni Distinction. 3.00 sí 3.49 ni Upper Credit. 2.50 sí 2.99 ni Lower Credit. 2.00 sí 2.49 ni Pass. OND jẹ́ sẹ̀mẹ́sítà mẹ́rin. Ká ní unit wọn dọ́gba. Tí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1.80 bíi tèmi, tí o sì fẹ́ 3.00 lápapọ̀, mẹ́ta tó kù gbọ́dọ̀ máa já sí 3.40, ọ̀kan pẹ̀lú èkejì. Ó le, àmọ́ ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ká ní o fi gbogbo ọdún kìn-ín-ní ṣeré, tí sẹ̀mẹ́sítà méjèèjì já sí 1.90. Kódà kí o gba 4.00 nínú méjì tó kù, kí o má pàdánù ohunkóhun, 2.95 ni gbogbo rẹ̀ máa já sí. Upper Credit ti lọ. Kì í ṣe àjẹ́ ilé bàbá rẹ ló gbà á o. Ìṣirò ni.

Ẹ̀yin ará, mo mọ̀ pé Ọlọ́run ń dárí jini. Ó ti dárí jì mí. Àmọ́ ìdáríjì kì í yí 1.80 padà sí 3.80. Ẹni tó bá ń gba ààwẹ̀ kí nọ́ńbà tó ti wà lórí bébà lè yí padà, á fi àkókò tó yẹ kó fi ka ìwé ìdánwò tó ń bọ̀ ṣòfò. Wá Ọlọ́run fún okun tí o máa fi wọn pákó tó kù.

KÓKÓ KEJÌ: MỌ OHUN TÍ YUNIFÁSÍTÌ Ń WÒ

Ẹni tó ń lo OND, NCE tàbí A Level láti wọ yunifásítì, fọ́ọ̀mù Direct Entry ti JAMB ló máa gbà. Ìwọ̀n tí wọ́n ń béèrè yàtọ̀ láti yunifásítì kan sí òmíràn, àní láti ẹ̀ka kan sí òmíràn nínú yunifásítì kan náà. Ọ̀pọ̀ ló ń fẹ́ Upper Credit. Àwọn míì ń gba Lower Credit. Ẹni tó ní Pass, ilẹ̀kùn tó máa ṣí fún un níbẹ̀ kò pọ̀ rárá. Má ṣe fi ẹnu ọ̀rẹ́ ṣe ìwé àlàyé. Wo ohun tí ilé ìwé tí o fẹ́ kọ sílẹ̀ fún ẹ̀ka tí o fẹ́, kí o wò ó ní ọdún kìn-ín-ní rẹ, má dúró di ìgbà tí o bá parí.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn. Èkíní, tí o bá dé ìwọ̀n tí wọ́n béèrè, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbà ọ́. Àyè Direct Entry kì í pọ̀. Ẹni tó ní 3.01 àti ẹni tó ní 3.70 ló jọ ń du àga kan náà. Èkejì, OND kò dípò WAEC tàbí NECO. Wọ́n ṣì máa béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún rẹ, àti èdè Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, transcript. Ilé ìwé rẹ àtijọ́ ló máa fi í ránṣẹ́ sí yunifásítì. Gbogbo kọ́ọ̀sì, gbogbo sẹ̀mẹ́sítà, títí kan orí 13 rẹ, wà níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí tó ń fún èèyàn láyọ̀. Transcript yẹn tún ń fi hàn bí o ṣe ń dìde. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 3.60 tó ń já bọ́ sí 2.40, àti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 1.80 tó ń gòkè sí 3.60, wọn kò jọra lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Ohun mìíràn sì tún wà. Nígbà tí o bá wọ yunifásítì ní 200 Level, CGPA tuntun ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ fún ọ. OND rẹ kò sí nínú ohun tí wọ́n máa fi ṣírò dìgírì rẹ. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn tán, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Àmọ́ ṣọ́ra: nítorí pé ọdún kan ti fò ọ́, sẹ̀mẹ́sítà tí wọ́n máa ṣírò fún ọ kéré sí tàwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 100 Level. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo jù. Ẹni tó ti fi sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ ṣeré ní pólì, kò gbọ́dọ̀ tún fi àkọ́kọ́ ṣeré ní yunifásítì.

Ẹ̀yin tó ń wò wá láti Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ yín kan ń bẹ̀rẹ̀ ní community college fún ọdún méjì, nítorí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí wọ́n tó kọjá sí yunifásítì. Níbẹ̀, kọ́ọ̀sì tí ọmọ gba D tàbí F, ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í gbà á wọlé. C sókè ni wọ́n sábà máa ń kà. Ó túmọ̀ sí pé owó ti lọ, àkókò ti lọ. Ní Kalifóníà, University of California ń béèrè ó kéré tán 2.4 lọ́wọ́ ọmọ ìpínlẹ̀ náà tó ń ti community college bọ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka sì ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ọmọ ti lọ rí ni wọ́n ní kó dárúkọ. Ẹni tó fi ọ̀kan pamọ́ nítorí pé máàkì rẹ̀ kò dáa, tí wọ́n bá rí i, wọ́n lè gba àyè náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ bá agbaninímọ̀ràn ilé ìwé rẹ̀ ní kíá, kó tó di pé kọ́ọ̀sì tó ń yọ ọ́ lẹ́nu di F.

KÓKÓ KẸTA: TÍ ỌNÀ KAN BÁ DÍ, GBA Ọ̀NÀ KÍPÍRỌ́SÌ

Pọ́ọ̀lù kò mú Máàkù. Ṣé Máàkù jókòó sí Áńtíókù kó máa sunkún? Ó bá Bánábà gba ọ̀nà míì. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwọ wo méjèèjì. Wo ẹ̀yìn kí o mọ ohun tó gbé ọ ṣubú, wo iwájú kí o rí ọ̀nà tó kù.

Tí o ṣì wà ní ọdún kìn-ín-ní, lọ bá olùkọ́ rẹ. Béèrè ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ. Kọ́ọ̀sì tí o gba F, tún un ṣe ní kété tí wọ́n bá ti gbà ọ́ láyè. Má fi jóná dé ìparí. Tí 3.00 kò bá ṣeé ṣe mọ́, wọn pákó rẹ sí 2.50. Ẹni tó ní 1.90 ní ọdún kìn-ín-ní nílò 3.10 ní ọdún kejì kó lè ní Lower Credit, ìyẹn ṣì wà ní àrọ́wọ́tó. Pẹ̀lú Lower Credit, àwọn yunifásítì kan ṣì wà fún ọ, HND sì wà fún ọ pẹ̀lú.

Tí o bá ti parí, tí Pass ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ, o lè padà sí JAMB, kí o jókòó ṣe UTME, kí o bẹ̀rẹ̀ ní 100 Level pẹ̀lú WAEC rẹ. Níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa fi OND rẹ ṣírò nǹkan kan. O lè ṣe IJMB tàbí JUPEB, kí o fi ìwé ẹ̀rí tuntun wá Direct Entry. O lè ṣe HND, kí o sì ṣe PGD lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà wọ̀nyí jìn, mi ò ní tàn ọ́. Wọ́n á gba ọdún, wọ́n á gba owó. Àmọ́ ọ̀nà tó jìn tó sì délé sàn ju àbùjá tó já sí odò.

KÓKÓ KẸRIN: MÁ PURỌ́, MÁ RA RÌSỌ́Ọ̀TÌ

Lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́kùnrin kan wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ní, "Dádì, ẹ bá mi gbàdúrà, ẹnì kan fẹ́ bá mi tún transcript mi ṣe, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó já sí wàhálà." Mo ní, "Ọmọ mi, àdúrà wo lo fẹ́ kí n gbà sórí ayédèrú?" Ó bú sẹ́kún. Ó ní bàbá òun ti sọ fún gbogbo ìdílé pé òun ń lọ sí yunifásítì lọ́dún yìí. Mo bá a sunkún, nítorí mo rántí ijó tí mo jó. Àmọ́ mi ò gba àdúrà yẹn. A jọ pe bàbá rẹ̀ ni.

Ẹ gbọ́, ní 2023 JAMB ní kí gbogbo ẹni tó fẹ́ Direct Entry wá forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àwọn fúnra wọn, nítorí ayédèrú ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń rí. Wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé tí o sọ pé o ti wá. Tí wọ́n kò bá tilẹ̀ rí ọ mú ní ọjọ́ ìwọlé, wọ́n lè rí ọ mú ní ọdún ìparí. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. 1.80 ò lè sọ ọ́ di ọ̀daràn láé. Ayédèrú ló lè sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín lórúkọ Jésù. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ yín sọ òtítọ́ fún yín, ẹ jẹ́ kí òtítọ́ ríbi jókòó sí nínú ilé yín. Ẹ má sọ fún un pé ọmọ Ìyá Lágbájá ti gba Distinction. Ẹ má tíì ra aṣọ ìdúpẹ́. Ẹ ní kó gbé rìsọ́ọ̀tì rẹ̀ wá, ẹ jọ kà á láti òkè délẹ̀. Bàbá mi kò kàwé, àmọ́ ó bi mí ní ìbéèrè kan tó gbà mí là: mélòó ló kù? Ẹ bi ọmọ yín bẹ́ẹ̀.

BÓ ṢE PARÍ FÚN MI

Mo padà sí ilé ìwé. Mi ò fi Olúwa sílẹ̀, mo fi mẹ́ta sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ márùn-ún tí mo wà. Sẹ̀mẹ́sítà kejì, 3.20. Ẹ̀kẹta, 3.45. Ẹ̀kẹrin, 3.60. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó já sí 3.01. Upper Credit, pẹ̀lú ẹsẹ̀ ìka! Ká ní mo pàdánù díẹ̀ sí i, 2.99 ni.

Mo gba fọ́ọ̀mù Direct Entry. Ọdún kìn-ín-ní, wọn ò mú mi. Àwọn tó ní Distinction pọ̀ níwájú mi. 1.80 ló ṣì ń gba owó lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ọdún kejì, ní 2002, wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bàbá àgbàlagbà kan fi ìka sórí ìlà àkọ́kọ́ nínú transcript mi, ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?" Mo ti múra sílẹ̀ láti sọ pé ibà ló dá mi wó. Mo rántí pẹpẹ, mo rántí agbọ̀n. Mo ní, "Sà, n kì í lọ sí kíláàsì. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo mẹ́ta tó tẹ̀lé e." Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn kọ nǹkan kan sílẹ̀, ó ní kí n máa lọ.

Nígbà tí orúkọ jáde, mi ò sí nínú àwọn tó máa ka ìmọ̀ ìṣirò owó tí mo fẹ́. Ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ni wọ́n fún mi. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́, ó dùn mí. Àmọ́ mo wọlé, mo jókòó síwájú ní kíláàsì láti ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sì jáde pẹ̀lú Second Class Upper. Ọjọ́ tí mo gbé ìwé náà dé ṣọ́ọ̀bù, bàbá mi fi téèpù rẹ̀ wọ̀n ọ́n, lóròó àti níbùú, ó ní, "Ó gùn tó." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

ÀDÚRÀ

Dìde níbi tí o wà. Gbé rìsọ́ọ̀tì rẹ lọ́wọ́, má fi pamọ́. Gbàdúrà báyìí: Olúwa, èyí ni ohun tí mo ṣe, mi ò di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹnikẹ́ni. Fún mi ní ìgboyà láti sọ ọ́ fún àwọn òbí mi. Gbàdúrà lẹ́ẹ̀kejì: Olúwa, jí mi láàárọ̀, mú mi jókòó ti ìwé mi, kí sẹ̀mẹ́sítà tó kù má ṣòfò lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbàdúrà pé: Olúwa, pa ìbínú mi mọ́, kí ọmọ mi má bẹ̀rù láti wá bá mi. Lórúkọ Jésù!

Ẹ dúró, ẹ má tíì pa tẹlifíṣọ̀n. Iṣẹ́ wà fún ọ lẹ́yìn àmín. Kó tó di ọ̀la, kọ gbogbo kọ́ọ̀sì rẹ sórí bébà, kọ unit rẹ̀ àti póìntì rẹ̀ síwájú rẹ̀, rò ó, pín in. Kọ ibi tí o wà, kọ ibi tí o fẹ́ dé, kọ iye tí o gbọ́dọ̀ gbà ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan tó kù. Fi lẹ ògiri yàrá rẹ. Bí o bá sì rí i pé ìṣirò náà kò lè dé ibi tí o fẹ́, mọ̀ ọ́n lónìí, kí o lè tètè wá ọ̀nà Kípírọ́sì rẹ.

Pákó tó o ti gé ti kúrú. Mélòó ló kù? Lọ wọ̀n ọ́n. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nírú àkókò yìí. Ọlọ́run á wà pẹ̀lú rẹ. Ó dàbọ̀.